Ẹran màlúù Hereford tí mo lọ rà lóko fúnra mi, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ eléyìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Àtìgbà tá a ti ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi ni fóònù mi ò ti sinmi, gbogbo ẹni tó jẹun lọ́jọ́ yẹn ló ń bi mí pé níbo la ti ra ẹran yẹn, ẹlòmíì ti ẹ̀ rò pé ṣe la gbé e wá láti Nàìjíríà. Rárá o. Ẹran màlúù Hereford ni, ìran màlúù tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Hereford pè, láti agbègbè Herefordshire ní England níbí, lóko ìdílé kan báyìí tí ò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ sílé wa ní Birmingham. Bàbá kan, ìyàwó ẹ̀, àti ọmọ wọn obìnrin ló ń ṣe oko náà, abo màlúù tó ń bímọ fún wọn ò tó ogójì. Mi ò ní dárúkọ oko o, àwọn ló bẹ̀ mí, torí ẹran ọdún yìí ti tán lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ ṣì ń retí tiwọn. Àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ àtohun tí mo jẹ, màá sọ gbogbo ẹ̀, torí irú oko bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan nílẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè, ẹ máa rí tiyín.

Màmá mi ló fà á. Wọ́n dé láti Ṣakí ní oṣù karùn-ún. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ, alápatà ni, ìdí igbá ẹran ni wọ́n dàgbà sí, kò sẹ́ni tó lè fi ẹran tàn wọ́n jẹ. Ìyàwó mi se ọbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rọra ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n ní, "Ẹran yìí ò ní òórùn ẹran, omi ló kún inú ẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹran tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń gbé e kaná ló ti ń tú omi, tí kílò méjì á súnkì di ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló fún mi ní nọ́ńbà oko yìí. Mo pè, màmá olóko ló gbé e, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé báwo lẹ ṣe máa ń se ẹran yín? Mo ní ọbẹ̀ ni, a fẹ́ ẹran tó lágbára díẹ̀ lẹ́nu, tó ní eegun. Ó ní ó dáa, ẹ wá wo àwọn màlúù náà ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Látìgbà tí mo ti ń ra ẹran nílẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Sátidé kan ní oṣù kẹfà la lọ, èmi, Màmá, àtàwọn ọmọ. Ẹ máa mọ Hereford tẹ́ ẹ bá rí i: ara ẹ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ojú ẹ̀ funfun gbòò, funfun yẹn gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí àyà àti ikùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Kò níké lẹ́yìn bíi ti màlúù Fúlàní tá a mọ̀ nílé, kò ga, ṣùgbọ́n ó fẹ̀, itan ẹ̀ kún dáadáa. Sùúrù wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Akọ kan wà láàárín àwọn abo, ó tóbi débi pé mo fa àwọn ọmọ sẹ́yìn, bàbá olóko kàn rọra fọwọ́ ta á nídìí pé kó kúrò lọ́nà, ó sì kúrò. Bàbá náà ní akọ oníjàgídíjàgan, bó ti wù kó sanra tó, kò ní bímọ lóko òun, torí ìwà ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ á gbà á. Màmá ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ń wo bí awọ ṣe ń dán, wọ́n ń wo ìdí ìrù bóyá ẹran ti kún ibẹ̀, wọ́n ń wo ìgbẹ́ wọn nílẹ̀. Ìgbà tó yá wọ́n mi orí, wọ́n ní ara wọn dá.

Mo wá bi bàbá náà pé kí ló dé tí ẹran yín fi wọ́n tó báyìí, torí ìlọ́po méjì owó tí mò ń ná ládùúgbò ni. Kò dá mi lóhùn, ó wọlé lọ gbé ìwé jáde. Ìwé ìran. Abo màlúù kan tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn lórí pápá, ó ka ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ka bàbá ẹ̀, ó ka ìyá ẹ̀, ó ka ìyá ìyá ẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn lọ sẹ́yìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ abo tí bàbá tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ agbo, gbogbo àwọn abo yẹn orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, nọ́ńbà ló yàtọ̀, torí orúkọ ìyá lọmọbìnrin ń jogún nínú agbo wọn. Màmá ní kí n sọ ohun tó ń kà fáwọn. Mo túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ń kì í ni." Òun gan-an sì ni, bí ìyá àgbà wa ṣe máa ń ki ọmọ láàárọ̀, tí wọ́n á dárúkọ ẹni tó bí ẹni tó bí i.

Ìwé yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọdún 1846 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé ìran Hereford jáde, 1878 ni àwọn tó ń sìn ín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di 1886 wọ́n ti ìwé náà pa, màlúù tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ò bá ti sí nínú ẹ̀ ò lè wọlé mọ́. Kó tó di pé ìwé wà rárá ni ìran yìí ti ń rìnrìn àjò, ọdún 1817 ni Henry Clay, olóṣèlú Kentucky yẹn, ti kó o dé Amẹ́ríkà, ó sì dé Ajẹntínà, Urugúè, Ọsirélíà, títí ó fi di ọ̀kan lára màlúù ẹran tó tàn ká jù láyé. Tẹ́ ẹ bá dé ìlú Hereford fúnra ẹ̀, ère akọ màlúù kan dúró láàárín ìgboro, lẹ́bàá ilé àtijọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun yẹn, àwọn ọmọ mi ya fọ́tò níbẹ̀ kó tó di pé a padà sílé.

Ẹnì kan á sọ pé kí ni ìwé ìran kàn mí, ṣebí ẹran ni mo fẹ́ jẹ. Ó kàn yín o. Ohun tí wọ́n ń fi ìwé yẹn ṣe ni pé wọ́n ń mọ ìyá tó máa ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfa wàhálà, wọ́n ń mọ èyí tí wàrà ẹ̀ tó ọmọ, wọ́n ń mọ èyí tí koríko lásán ń mú sanra. Ìkẹta yẹn ló kan ẹnu tèmi tiyín. Àwọn ìran ńláńlá kan wà tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sórí koríko nìkan eegun lẹ máa rí, àfi kẹ́ ẹ máa da ọkà bálì àti sóyà fún wọn. Hereford ò rí bẹ́ẹ̀, àgàgà irú èyí tí wọ́n ń sìn lóko yìí. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ra akọ tuntun, ọmọbìnrin yẹn á jókòó ti ìwé lálẹ́ pé kó má lọ jẹ́ ìbátan àwọn abo tó wà nílé, wọ́n tún máa ń fa irun ìrù akọ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé ọmọ bàbá tí wọ́n pè é ni.

Ti ìjọba tún wà lọ́tọ̀. Ọmọ màlúù ò gbọ́dọ̀ ju ogún ọjọ́ lọ láìní yẹtí onínọ́ńbà létí méjèèjì, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù fún un, ibi gbogbo tó bá gbé dé láyé ẹ̀ wà nínú ìwé. Ọdún 1996 ni pásípọ́ọ̀tù yẹn bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí àrùn BSE, èyí tí wọ́n ń pè ní wèrè màlúù, dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ káàkiri. TB, ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù, náà ń bẹ, Herefordshire wà lára ibi tí ìjọba ti ń ṣọ́ ọ gidi, dókítà ẹran á wá fún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, á padà wá wò ó lọ́jọ́ kẹta bóyá ó wú. Màmá olóko ní òun kì í lè sùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mo gbà á gbọ́, ojú ẹ̀ yí padà nígbà tó ń sọ ọ́. Nọ́ńbà etí màlúù tí mo jẹ wà lórí rísíìtì mi, mo ṣì tọ́jú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ o. Níbi tá a dúró sí yẹn ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Kétékú. Àwọn ará Òkè-Ògùn tó wà níbí á mọ̀ ọ́n, màlúù tó jẹ́ àdàlù Muturu àti màlúù Fúlàní. Muturu fúnra ẹ̀ ni màlúù kékeré ilẹ̀ wa, kò níké, ó ti gbé nínú igbó pẹ́ débi pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran màlúù kì í tètè mú un balẹ̀. Màmá ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré bàbá àwọn mọ èyí tó jẹ́ Kétékú láti òkèèrè, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ta ló wá kọ ìran wọn sílẹ̀? Muturu ń dín kù, tó bá tán, agbára tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹn ti bá a lọ nìyẹn, kò sí ibi tá a ti máa rà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí délé.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko. Ilẹ̀ wọn ni ohun kejì tó jẹ́ kí n gbà pé owó tí wọ́n ń gbà tọ́ sí wọn. Wọ́n mú wa dé pápá kan tí màlúù kankan ò sí, koríko ibẹ̀ kan orúnkún, òdòdó kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, pupa, yẹ́lò, funfun. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ibi tó dáa báyìí sílẹ̀. Wọ́n ní èyí ni oúnjẹ òtútù, àwọn ò ní gé e títí di oṣù keje kí òdòdó lè gbó, kó da hóró ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹyẹ tó yé ẹyin sílẹ̀ nínú ẹ̀ sì pa ọmọ kó tó di pé ẹ̀rọ wọlé. Ẹyẹ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣe é jù ni curlew, ẹnu ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì tẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko ló máa ń yé ẹyin sí, ẹni tó bá tètè gé koríko ti pa gbogbo ọmọ ẹ̀. Òdòdó yẹ́lò kan wà tí wọ́n fi hàn wá, yellow rattle, bí àfòmọ́ ló rí, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń fi gbòǹgbò mu oúnjẹ lára koríko, koríko ò ní lè ga jù, àwọn òdòdó yòókù á ráyè yọ. Tí wọ́n bá wá gé koríko tán, tí wọ́n sá a gbẹ, tí wọ́n kó o sí abà, ìgbà yẹn ni màlúù máa wọ pápá náà, á jẹ èyí tó ń hù lẹ́yìn, á máa fi pátákò tẹ hóró òdòdó wọlẹ̀. Ẹ rí i pé màlúù ń ran òdòdó yẹn lọ́wọ́, tí ẹran ò bá jẹko níbẹ̀ mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì gé e, igi ẹlẹ́gùn-ún ló máa gba ilẹ̀. Irú pápá olódòdó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti run ní England àti Wales láti àwọn ọdún 1930, èyí tó kù, ọwọ́ irú àwọn èèyàn báyìí ló wà.

Ó tún ku yímíyímí! Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ọmọbìnrin yẹn fi igi tú ìgbẹ́ màlúù, yímíyímí wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, kéékèèké, dúdú dídán. Ó ní oògùn aràn kan tí ọ̀pọ̀ oko ń fún màlúù wọn déédéé, ìgbẹ́ ló ń bá jáde, ó sì ń pa yímíyímí, ìgbẹ́ á kàn jókòó sórí pápá, kò ní jẹrà. Àwọn kì í fún màlúù lóògùn aràn àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ìgbẹ́ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé ẹyin aràn pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí sí Birmingham ò mọ yímíyímí ní Yorùbá tẹ́lẹ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹran. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn tá a dé kí ẹran tó délé, torí odò ẹran kékeré kan ni wọ́n ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tó bá kàn yín. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni, ó pé oṣù 28 kí wọ́n tó pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n so ó kọ́ sínú yàrá tútù fún ọjọ́ 28. Màmá gbọ́ èyí, wọ́n ní háà! Ní Ṣakí ẹran tí wọ́n bá pa láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tán kílẹ̀ ṣú. Mo ṣàlàyé pé òtútù inú yàrá yẹn kì í jẹ́ kó bàjẹ́, omi ara ẹ̀ ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ẹran fúnra ẹ̀ á sì máa rọ̀ láti inú. Wọn ò gbà títí wọ́n fi rí i. Nígbà tá a ṣí páálí, ẹran náà pupa dòò bí èso àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù, ọ̀rá ẹ̀ ò funfun, ó rẹ́sùrẹ́sù bíi bọ́tà, koríko tútù ló máa ń sọ ọ̀rá màlúù dà bẹ́ẹ̀. Màmá mú un, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹran nìyí."

Wọ́n fúnra wọn ló sè é. Àyà àti ẹran ẹsẹ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀, ata rodo mélòó kan, omi tí ò ju ìka kan lọ nínú ìkòkò, iná kékeré, wákàtí mẹ́ta. Omi náà ò pọ̀ sí i! Ẹran ò súnkì! Ohun tá a dà sínú ìkòkò náà la bá níbẹ̀, omi ẹran tó kù sílẹ̀ nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, òun náà la fi se ata díndín. Kò rọ̀ bí búrẹ́dì o, ó ṣì ní ohun téyín ń ṣe, ṣùgbọ́n adùn ẹ̀ ń jáde bẹ́ ẹ ṣe ń rún un. Mi ò jẹ irú ẹ̀ látìgbà tí mo ti kúrò nílé, mo sì ti lo ọdún 14 níbí.

Ibi tí ò tẹ́ mi lọ́rùn nìyí. Kílò mẹ́wàá ni páálí, £160. Nínú kílò mẹ́wàá yẹn, mínsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù wọ́n ti yọ eegun ẹ̀ kúrò, wọ́n fi okùn dì í roboto fún àwọn tó ń sun ún nínú ofúnnù lọ́jọ́ Sunday. Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé eegun ni mo fẹ́, alápatà tó gé e ò ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Sítéèkì mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹni tí ò bá lè jẹ ẹran tí inú ẹ̀ ṣì pọ́n kó má ra sítéèkì o, ẹ fi owó yẹn ra ẹran ẹsẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá sè é jinná dénú ẹ ti ba a jẹ́. Àwọn tó gbé páálí wá náà ò ṣe dáadáa, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni wọ́n gbé e sí láàárọ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i, yìnyín ti yọ́ tán, Ọlọ́run ló ní kí ẹran ṣì tutù. Mo pe oko, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n dá owó ìgbékalẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì láìjẹ́ pé mo béèrè. Látìgbà yẹn èmi ni mò ń wakọ̀ lọ gbé e. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, mo bá yín béèrè, odò ẹran tí wọ́n ń lò kì í pa halal, kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n.

Inú ẹran wá ńkọ́? Màmá ló bi wọ́n nígbà kejì tá a lọ, pé ibo lẹ̀ ń kó ṣàkì sí. Màmá olóko ní àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ajá ló ń gbà á! Màmá di orí mú. Mo ṣàlàyé fún un, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pe odò ẹran níwájú wa níbẹ̀, wọ́n ní àwọn lè fọ ṣàkì kí àwọn dá a padà, £12 fún odindi kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ kí ọjọ́ pípa ẹran tó pé. Ẹ̀dọ̀, ọkàn, kíndìnrín, ahọ́n, ìrù, gbogbo ẹ̀ wà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á torí àwọn oníbàárà wọn yòókù kì í béèrè. Bọ̀kọ̀tọ̀ ò sí, odò ẹran yẹn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ho irun ẹsẹ̀. Orí ò sí, ọpọlọ àti egungun orí màlúù tó bá ti ju oṣù 12 lọ, nítorí BSE yẹn náà, òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan lẹ máa rí. Abọ́dí náà, ẹ má retí ẹ̀. Àmọ́ ṣàkì yẹn, ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi nǹkan fọ̀ títí tó fi funfun bí òwú nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tí ò ní adùn kankan mọ́. Ó dúdú díẹ̀, ó nípọn, ẹ máa fọwọ́ ara yín tún un fọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti òróǹbó, ẹ sì máa sè é pẹ́. Gbẹ̀gìrì la fi jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rí oko kan tó ń ta irú ẹran báyìí ládùúgbò yín, ẹ bi wọ́n pé koríko nìkan ni àbí wọ́n ń fi ọkà parí ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé oṣù mélòó ni kí wọ́n tó pa á, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń so ó kọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ rí màlúù fúnra ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Wọ́n ti gba orúkọ mi sílẹ̀ fún oṣù kọkànlá, mo san £50 tẹ́lẹ̀. Èmi, àbúrò mi àti ìdílé méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa la jọ fẹ́ pín ìdajì màlúù, mo ti kọ ọ́ sórí pépà gbàgàdà fún alápatà lọ́tẹ̀ yìí: eegun nínú gbogbo ẹ̀, mínsì kílò kan péré, ìrù, ahọ́n, ṣàkì odindi kan. Màmá á ti padà sí Ṣakí nígbà yẹn, wọ́n ti ní kí n ya fọ́tò ọ̀rá ẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó gbé e síná.